Ẹ Yẹ Ẹsẹ̀ Iwájú Alùpùpù Yín Wò Kí Ẹ Tó Gun Òkè

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun alùpùpù láti Iléṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ̀ pé ọ̀nà òkè kò fẹ́ ìwàǹwára. Ọ̀nà á yí sọ́tùn-ún, á tún yí sósì, kòtò á sì lúgọ sí kọ́nà. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí a tẹ bíréèkì, gbogbo ẹrù á wọ́ síwájú. Ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ̀mí awakọ̀ àti ti ẹni tí ó gbé sẹ́yìn rọ̀ mọ́ nígbà náà.

Àwọn oníṣòwò a máa bi mí pé, “Tíṣà, ṣé kí n ra ṣọ́kù tuntun tí ó le?” Èsì mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ èyí tí wọ́n ní.

Sípíríǹgì àti ọ́ìlì ni ó wà nínú irin gbọọrọ méjèèjì tí ó di táyà iwájú mú. Sípíríǹgì ń ru ẹrù; ọ́ìlì tí ń gba ihò tóóró kọjá ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa ta sókè ta sódò. BMW ti Jámánì ni ó kọ́kọ́ ta alùpùpù tí ó ní irú irin ọlọ́ìlì bẹ́ẹ̀, ní 1935. Bí ọ́ìlì bá gbó, táyà á máa fò. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò sì gbọ́ ti bíréèkì.

Nítorí náà, kí mẹkáníìkì da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí ó pààrọ̀ sílì tí ń jò, kí ó sì yẹ bíárìn ọrùn alùpùpù wò. Kí ó wọn ọ́ìlì tuntun dọ́gba sí ẹsẹ̀ méjèèjì, bí ìwé alùpùpù náà ti wí. Bí ó bá fẹ́ rọ ọ́ìlì tí ó ki jù sí i, ẹ kọ̀ fún un: ẹsẹ̀ tí ó le jù kì í tètè ká bí ó bá kan òkúta.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ so òwú mọ́ irin dídán níbi tí ó ti wọnú ìkejì rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé, kí ẹ sì rọra sọ̀. Ẹ tún gbé táyà sókè, kí ẹ wọn bí òwú ti sún tó. Bí gbogbo ìrìn irin náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, nǹkan bíi 4 ni ó yẹ kí ó wọlé. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, nígbà náà ni kí ẹ náwó sí sípíríǹgì tí ó lágbára.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Síbẹ̀, kò sí ṣọ́kù tí ó lè gba ẹni tí ń sáré àsápajúdé ní kọ́nà.