Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ àjẹkì lópin ọ̀sẹ̀, sàláàdì yín rèé, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún omi tẹ́ ẹ fi ń fọ̀ ọ́ o!

Ta ni ò mọ̀ pé àwọn ará Èkìtì kì í fi iyán ṣeré? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, làwọn àgbà wí. Àmọ́ ẹlòmíì á jẹ iyán ní Sátidé níbi òkú àgbà ní Ìyìn-Èkìtì, á tún da ìrẹsì àti ẹran díndín lé e, á wá fi bíà tì í. Tó bá di Sánńdè, á tún gba Ìgèdè-Èkìtì lọ síbi ìkómọ. Nígbà tílẹ̀ Mọ́ńdè bá fi máa mọ́, ikùn ti le bí ìlù, ara ti wúwo, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń dúró l'Ádó.

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń sá tọ̀ nìgbà náà ni àgbo tó ń yàgbẹ́. Àwọn mí-ìn á ní àwọn fẹ́ẹ́ fi sàláàdì fọ inú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé sàláàdì kì í fọ inú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni Ọlọ́run gbé iṣẹ́ yẹn fún. Àmọ́ àǹfààní tiẹ̀ wà níbẹ̀ o. Bá a bá wọn kùkúńbà ní gíráàmù 100, nǹkan bíi 95 nínú ẹ̀ ló jẹ́ omi. Lára kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, ohun kan wà tó dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikùn ò lè lọ̀ tán, òun ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ewébẹ̀ tó tó gíráàmù 400 lójúmọ́.

Ibi tọ́rọ̀ wá ti le rèé. Iná máa ń pa kòkòrò àrùn inú ẹ̀fọ́ rírò, àmọ́ sàláàdì kì í rí iná. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ń rà l'Ọ́jà Ọba, púpọ̀ nínú wọn ló ti apá Jos wá, ọwọ́ tó sì ti kàn wọ́n kò níye. Omi ìdọ̀tí àtoúnjẹ tí wọ́n fi fọ̀ ni kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù máa ń bá wọlé. Lọ́dún 2021, àwọn tí àjọ NCDC ka ikú wọn sí kọ́lẹ́rà lọ́rùn ní Nàìjíríà lé ní 3,600. Ṣé ọ̀rọ̀ eré wá nìyẹn?

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ọ̀bẹ àti pátákó. Ẹ má lo ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi gé ẹran tútù. Ẹ ṣí ewé ìta kábéèjì dànù, kẹ́ ẹ ya ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa da omi lé e lórí, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Kárọ́ọ̀tì, ẹ ha èèpo ẹ̀. Tó bá jẹ́ omi kànga lẹ ní, èyí tẹ́ ẹ sè tó ti tutù ni kẹ́ ẹ fi ṣan wọn kẹ́yìn. Àwọn kan gbà pé tí wọ́n bá ti da iyọ̀ sómi, kòkòrò ti kú. Irọ́ ni o! Iyọ̀ lè lé kòkòrò tójú ń rí jáde, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e pé ó máa pa kòkòrò táífọ́ọ̀dù.

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ rẹ́ ìdajì kábéèjì kékeré wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ rin kárọ́ọ̀tì 3, kẹ́ ẹ gé kùkúńbà 2, tòmátò 4, àlùbọ́sà kékeré 1 àti ìgbá 3, èyí táwọn kan ń pè ní ikàn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ 2 lé e lórí, pẹ̀lú ṣíbí òróró kan, ata gígún díẹ̀ àti iyọ̀ fíńńfín. Ẹ pò ó pọ̀, kẹ́ ẹ wá da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà súnsun lé e. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ẹyin sísè sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń da ìdajì ìgò báma sí i ńkọ́? Òróró ló pọ̀ jù nínú báma, ọ̀rá tẹ́ ẹ sá fún lọ́jọ́ Sánńdè lẹ tún ń bù jẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Bákan náà, iye tẹ́ ẹ máa jẹ tán ni kẹ́ ẹ ṣe. Sàláàdì tó bá ti lo ju wákàtí méjì lọ níta, pàápàá nígbà tí kò síná, ẹ dà á nù.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ tìtorí sàláàdì pa oògùn ẹ̀ tì. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín sì gbọ́dọ̀ bi dókítà ẹ̀ kó tó jẹ ẹ́ lájẹjù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ olómi gbuurugbu, ẹ má dúró de àgbo, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá.

Iyán ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àjẹkì ló ṣẹ̀ wá. Ẹ dín òkèlè kù ní Sátidé, Mọ́ńdè á rọrùn.