Ẹ Bi Ìyá Yín Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀pá Fún Wọn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ìtìjú kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé púpọ̀, mo ní kí n kúkú sọ ọ́, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Èmi ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní 80 ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ti jáde lọ pe ìrun Àsùbáà. Bí mo ti ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá kírun, ìyá tí ó bí mi ti ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé mi, lórí sìmẹ́ńtì tí omi àlùwàlá ti mú kí ó máa yọ̀. Ìyàwó mi ni ó gbọ́ ìró kẹ́tù tí ó jábọ́. Ọlọ́hun ṣàánú wa, egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún wọn ọ̀tún wú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tiro.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ọjà, mo ra ọ̀pá dúdú kan tí ó ń dán, tí orí rẹ̀ ṣe rìbìtì. Inú mi dùn pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo rí ọ̀pá náà lára ògiri níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Mo bínú. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ̀ṣẹ̀ kí ni mo ṣẹ̀ tí ẹ kò fi lo ohun tí mo rà?"

Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àlàó, ǹjẹ́ o bi mí kí o tó rà á? Ọ̀pá yìí ga jù. Bí mo bá dì í mú, èjìká mi á gòkè bí ti ẹni tí ó fẹ́ jà. Kì í sì í ṣe ìrìn ni ó ń dà mí láàmú jù, àlùwàlá ni. Ìyàwó rẹ ni ó ń wẹ ẹsẹ̀ mi fún mi bí ọmọdé. Ojú ń tì mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú Súrà Isirá'i, ẹsẹ 23, pé Ọlọ́hun kò gbà kí a tilẹ̀ pòṣé sí òbí tí ó darúgbó sí wa lọ́wọ́. Èmi kò fi ẹnu pòṣé, ṣùgbọ́n kí a máa ra nǹkan fún àgbà láì béèrè ohun tí ó ń fẹ́, ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà kọ́kọ́ wo ojú wọn, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó sì béèrè gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, nítorí pé oògùn mìíràn a máa mú kí òòyì kọ́ àgbà bí wọ́n bá dìde lójijì. Ẹ má ṣe ra ọ̀pá láti fi bo àìsàn tí ó ní ìwòsàn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn wá kọ́ wa ní ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀.

Bí a ti ń wọn ọ̀pá nìyí. Kí àgbà wọ bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀, kí wọ́n dúró gbọọrọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Orí ọ̀pá kò gbọdọ̀ ga ju ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ká lọ. Ti ìyá mi fi íǹṣì 3 ga jù. A fi ayùn gé e nídìí, a sì dá rọ́bà ìdí rẹ̀ padà. Rọ́bà yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá yọ̀; bí ó bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Orí ọ̀pá tí ó ṣe pẹrẹsẹ sì sàn ju rìbìtì lọ fún ọwọ́ tí làkúrègbé ń bá jà.

Ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wa ń ṣì ṣe. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń dunni, ọwọ́ òsì ni a fi ń mú ọ̀pá. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí ń dunni ni yóò jọ lọ síwájú, kí ẹsẹ̀ tí ó le tó tẹ̀lé e. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó le ni ó ń ṣáájú. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí ń dunni ni ó ń ṣáájú.

Nígbà tí a padà délé, a kọjú sí ọ̀rọ̀ àlùwàlá. Káfíńtà kan àga tí ó ní apá méjì, tí ẹsẹ̀ ìyá mi fi ń tẹ ilẹ̀ dáadáa bí wọ́n bá jókòó. Bíríkìlà ha ojú sìmẹ́ńtì kí ó má yọ̀ mọ́, ó sì ri irin ìdìmú mọ́ ara ògiri. A gbé kẹ́tù sórí àpótí kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀, a sì fi iná sí ọ̀nà. Fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àga mìíràn wà tí a gbẹ́ ihò sí láàárín, tí a lè fi póò sí abẹ́ rẹ̀ lóru. Gbogbo rẹ̀ kò nira ju ọ̀pá dídán tí mo rà lọ.

Ní ti àga oníkẹ̀kẹ́, ẹ ṣe sùúrù. Aládùúgbò mi kan ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí baba rẹ̀. Àga náà dára, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá, táyà kékeré iwájú rẹ̀ sì ń rì sínú yanrìn àgbàlá. Ẹ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó rà. Ẹ dán búréèkì rẹ̀ wò, pàápàá bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀. Bí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà bá ga ní íǹṣì 6, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ ó fi sìmẹ́ńtì ṣe níláti gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Kí tìmùtìmù wà lórí rẹ̀, kí àgbà sì máa gbé ìdí sókè lóòrèkóòrè, kí egbò má baà yọ.

Àwọn kan ń sọ pé ìtìjú ni kí àgbà máa lo irú nǹkan wọ̀nyí. Rárá o. Nínú Súrà Tọ́ọ̀há, Anọ́bì Músà fúnra rẹ̀ sọ pé òun a máa fi ara ti ọ̀pá òun. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fi hàn pé àwọn ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù 2.5 ni wọ́n nílò ohun ìrànlọ́wọ́ kan tàbí òmíràn, bẹ̀rẹ̀ láti orí awò ojú títí dé àga oníkẹ̀kẹ́. Bí ó bá sì ṣe ti ìrun ni, Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ Imran ọmọ Husayn, tí ara rẹ̀ kò dá, pé kí ó kírun ní ìdúró. Bí kò bá lè ṣe é, ní ìjókòó. Bí kò bá tún lè ṣe é, ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n òkété àgbà ṣì ní ẹnu tí ó fi lè sọ ibi tí ebi ti ń pa á. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ni ẹ máa ń kọ́kọ́ rí i nígbà tí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí di ògiri mú rìn. Ẹ sọ fún ọkọ yín, kí ẹ sì jọ jókòó ti àgbà náà, kí ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ fẹ́ máa ṣe fúnra yín?" Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, bí mo bá ti mọ́sáláṣí dé lẹ́yìn Àsùbáà, mo máa ń bá ìyá mi lórí ìjókòó wọn, tí wọ́n ti ṣe àlùwàlá fúnra wọn, tí wọ́n ti kírun tán, tí tẹ̀súbáà sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pá náà kò sí lára ògiri mọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lè tọ́jú àwọn òbí wa bí wọ́n ti tọ́jú wa ní kékeré. Àmín.