Dídi Àgbà Láìsí Agbo Ilé: Ipò Àkọ́bí nínú Fíìmù Rocks

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù tí ó dá lórí ọmọ tí ń bàlágà, ilé ni ọmọ náà ń sá fún. Ilé há mọ́ ọn, òbí kò yé e, òun náà kò yé òbí. Nígbà tí ó bá yá, yóò jáde lọ láti ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn fún Antoine nínú The 400 Blows, tí François Truffaut darí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1959: òun nìkan ni ó sáré títí tí ó fi dé etí òkun, ibẹ̀ ni fíìmù náà sì parí sí. Rocks, tí Sarah Gavron darí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì kọ́kọ́ fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù ìlú Toronto ní ọdún 2019, parí sí etí òkun bákan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìtàn rẹ̀ dá lé lórí kò sá nílé. Ilé ni ó sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Olúṣọlá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Rocks ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Àdúgbò Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gbé pẹ̀lú Fúnkẹ́ ìyá rẹ̀ àti Emmanuel àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, òun fúnra rẹ̀ sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọjọ́ kan, ó délé, ó bá ìwé àti owó díẹ̀ nílẹ̀. Ìyá ti lọ. Ó hàn nínú eré náà pé ọkàn ìyá yìí kò balẹ̀, àti pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà náà ni Rocks ti di ìyá fún àbúrò rẹ̀. Ó ń bọ́ ọ, ó ń mú un káàkiri ilé àwọn ọ̀rẹ́, ó sì ń fara pamọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kí wọ́n má baà gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ ìdílé náà gba àkíyèsí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tó ní ọ̀ṣọ́ fún ẹni tí ó bí i. Kò tún ní í wá ohun ẹ̀yẹ mìíràn kiri. Òǹwòran tí kò gbọ́ Yorùbá yóò gbójú fò ó. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rí ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, nítorí ọ̀ṣọ́ ni ìyá bọ́ sílẹ̀ tí ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀ṣọ́ yìí kan náà ni ó sì ń fi àtíkè ṣe ojú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lóge.

Kí àkọ́bí tọ́ àbúrò kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní agbo ilé Yorùbá, ọmọbìnrin tí kò tí ì ga ju odó lọ a máa pọn àbúrò rẹ̀, a máa fún un ní oúnjẹ, a sì máa gba ìbáwí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà pọ̀ yí i ká: ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ilé wà nídìí ààrò, ẹni tí ó bá sì gbọ́ igbe ọmọ ni yóò gbé e. Ẹrù wà lórí àkọ́bí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́ kò jìnnà. Ní Hackney, ojúṣe àkọ́bí rìn dé, agbo ilé kò bá a rìn. Theresa Ikoko, tí ó kọ eré náà pẹ̀lú Claire Wilson, jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà ní Hackney; ó sì ti sọ pé ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Bóyá èyí ni ó fà á tí eré náà kò fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìyá, tí kò sì sọ ọmọ di akọni.

Ẹ̀fẹ̀ inú fíìmù náà kì í ṣe iyọ̀ tí a bù sí ọbẹ̀ lásán. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó ṣe é kò ṣe eré rí. Láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ṣà wọ́n, a sì jókòó tì wọ́n pẹ́ kí ìtàn náà tó dúró, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń ta ara wọn lẹ́nu. Nígbà ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè, ìyẹ̀fun àti ẹyin di ohun ìjà. Rocks wà láàrin wọn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dunni, nítorí ẹ̀rín yẹn ni ó ń rán òǹwòran létí pé ọmọdé ni. (Apá tí ó ti jí owó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti fi gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì yá jù, ó yẹ kí a fún un ní ààyè sí i.) Bukky Bakray tí ó ṣe Rocks gba ẹ̀bùn BAFTA ti òṣèré tí ń gòkè bọ̀ ní ọdún 2021, ó sì tọ́ sí i.

Nígbẹ̀yìn, àṣírí tú, ìjọba sì kó àwọn ọmọ méjèèjì. A fi Emmanuel sí ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ ní Hastings létí òkun, ó sì ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òfin ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1989 fúnra rẹ̀ sọ pé, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a má ya ọmọ ìyá nípá. Gbólóhùn "bí ó bá ti ṣeé ṣe" yìí ni gbogbo ìrora ìparí eré náà há sí. Àwọn ọ̀rẹ́ Rocks bá a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hastings. Ó rí Emmanuel lókèèrè, ó rí i pé inú rẹ̀ dùn, kò sì pè é.

Yorùbá tí ó bá wo ìran yìí lè bi í pé irú ẹ̀gbọ́n wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ àbúrò tí kò ní í pè é. Ìdáhùn eré náà ni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Rocks sọ ẹrù náà kalẹ̀, àti pé àwọn ọ̀rẹ́ tí ó yí i ká ni agbo ilé tí kò ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Antoine nìkan ni ó dá dé etí òkun; Rocks kò dá dé ibẹ̀.

Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Láti àárín ọ̀rúndún ogún ni àwọn òbí láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń fi ọmọ wọn sí ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ aláwọ̀ funfun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. The Last Tree, tí Shola Amoo darí, tí òun náà jáde ní ọdún 2019, sọ ìtàn Fẹ́mi, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ó dàgbà ní Lincolnshire kí ìyá rẹ̀ Yínká tó wá mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Inú Fẹ́mi dùn lọ́dọ̀ alágbàtọ́ rẹ̀, ó ń bá àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré nínú pápá. Ìdùnnú ọmọdé láàrin àjèjì, tí Rocks rí lókèèrè tí ó fi yí padà, ni Amoo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Ó sì gba Fẹ́mi ní ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbé e títí dé Èkó, kí ó tó lè sọ ẹni tí òun í ṣe.