Ǹjẹ́ Pípààrọ̀ Oníbàárà Ń Mú Ọjà Tà?

ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ

Ìbéèrè: Àwọn oníṣòwò kan máa ń sọ fún ara wọn pé, 'Bá mi fi ọjà mi han àwọn èèyàn rẹ, èmi náà yóò fi tìrẹ han àwọn èèyàn mi.' Ṣàlàyé bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí o sì sọ bóyá ó ń mú oníbàárà wá ní tòótọ́.

Ìmọ̀ràn: Ohun méjì ni ìbéèrè yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní ni àlàyé, èkejì ni ìdájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣàlàyé láìdájọ́ ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó bá sì dájọ́ láìṣàlàyé kò dáhùn ìbéèrè rárá. Mú àpẹẹrẹ láti ìlú tí o mọ̀, má sì kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ lásán.

Ìlapa èrò:
(i) Ìfáárà: ohun tí à ń pè ní pípààrọ̀ oníbàárà
(ii) Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní
(iii) Ibi tí iye ojú ti ń tan oníṣòwò jẹ
(iv) Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ní Òṣogbo àti Iléṣà
(v) Ìgbà tí ètò náà ń so èso
(vi) Ìkádìí

Àwòkọ́ṣe:

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ni í wẹ tòsì, tí tòsì náà fi í wẹ tọ̀tún. Òwe yìí ni àwọn ọlọ́jà wa ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ aláṣọ kan ní Òṣogbo tí kò bá irú aṣọ tí ó ń wá níbẹ̀, ìyá aláṣọ náà kì í jẹ́ kí ó lọ báyìí. Yóò nawọ́ sí ìsọ̀ kejì, yóò ní, 'Ẹ lọ bá Ìyá Rísíkà, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ wá.' Bí ó bá di ọjọ́ kejì, Ìyá Rísíkà náà yóò darí ẹlòmíràn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí ni à ń pè ní pípààrọ̀ oníbàárà.

Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe é. Láti ọdún 2017 ni WhatsApp ti ní àyè kan tí wọ́n ń pè ní 'status'. Ènìyàn lè gbé àwòrán ọjà síbẹ̀, àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí nọ́ńbà tirẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ wọn, lè rí i fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà yóò pòórá. Ẹ̀rọ náà á sì máa ka iye ènìyàn tó wò ó. Ká ní ọmọbìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń rán aṣọ ní Iléṣà. Àwọn méjèèjì lè dá májẹ̀mú pé kí olúkúlùkù gbé àwòrán iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jáde. Lọ́nà bẹ́ẹ̀, àwọn ará Iléṣà yóò rí àdìrẹ, àwọn ará Òṣogbo yóò sì rí iṣẹ́ télọ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ kó ara wọn jọ ní ogún tàbí ọgbọ̀n, kí gbogbo wọn lè máa polówó fún ara wọn.

Ètò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1996, àwọn kan dá ilé iṣẹ́ LinkExchange sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fi ìpolówó àwọn ẹlòmíràn hàn lẹ́ẹ̀mejì ní ojú ewé tirẹ̀, wọn yóò fi tirẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan ní ibòmíràn. Àyè tó ṣẹ́ kù di ti ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń tà á. Nígbà tí ó di ọdún 1998, Microsoft ra ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 265 dọ́là. Kí á kíyè sí i dáadáa: ẹni tó ni ibi ìpààrọ̀ ló gba owó yìí. Owó rẹpẹtẹ tó wọ àpò onílé ọjà kò fi hàn pé gbogbo àwọn tó pàtẹ síbẹ̀ ló rí ọjà tà.

Ibi tí ètò yìí ti ń tan ènìyàn jẹ ni ibi ìkàyè. Ojú kì í ṣe owó. Láàrin ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ìpolówó kan bá yọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sábà máa ń ṣòro kí a tó rí ẹyọ ẹnì kan tí yóò tẹ̀ ẹ́ wò, ká má tíì sọ pé yóò rà. Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ aládìrẹ wa. Ká ní fóònù rẹ̀ sọ fún un pé igba ènìyàn ti wo ọjà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Inú rẹ̀ dùn. Ó gba owó àjọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, ó fi ra ìgàn aṣọ àti aró, ó sì pa á láró sílẹ̀ de àwọn igba oníbàárà. Nígbà tí oṣù parí, ènìyàn márùn-ún ló béèrè iye tó ń tà á, ẹnì kan ṣoṣo ló sì rà. Aṣọ wà nílẹ̀, owó àjọ ti wọlé, àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ sì ń retí ìdá tó kàn. Iye ojú tí fóònù kà kì í ṣe irọ́, ìtumọ̀ tí ọmọ náà fún un ni kò tọ̀nà.

Ìṣòro kejì wà nínú ẹgbẹ́ ìpààrọ̀ ńlá. Bí ọgbọ̀n oníṣòwò bá ń wo ọjà ara wọn, gbogbo wọn ló wá tà, ta ni yóò wá rà? Ìṣòro kẹta ni pé ẹni tó ń gbé ọjà ọgbọ̀n ènìyàn jáde lójoojúmọ́ ń fi ọ̀rẹ́ tirẹ̀ ṣòfò. Bí ó bá sú àwọn èèyàn rẹ̀ láti máa rí bàtà, oògùn àti ìkòkò, wọn yóò gbé ojú kúrò lára gbogbo ohun tí ó bá gbé jáde, títí kan ọjà tirẹ̀ pàápàá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìwo fóònù, kí ó wo ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe é, èrò a sì wá láti ilé àti láti òkèèrè, pàápàá lẹ́yìn tí àjọ UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Èrò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ni èrò náà ń wá? Ọ̀pọ̀ ń wá omi Ọ̀ṣun bù lọ sílé. Nítorí náà, ẹni tó pàtẹ kéègì sí ojú ọ̀nà odò yóò rí ọjà tà. Ẹni tó bá pàtẹ páànù ìkọ́lé sí ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò kọjá níwájú rẹ̀, bóyá ni ẹnì kan yóò béèrè iye tó ń tà á. Èrò kan náà ni, ojú ọ̀nà kan náà ni. Ohun tí oníkálukú gbé lọ́kàn jáde nílé ló yàtọ̀.

Bí a bá kúrò ní Òṣogbo, tí a gba ọ̀nà Iléṣà lọ, a ó tún rí ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́ nínú ìtàn. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, èrò àti ẹrù sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ojú irin náà kò gba Iléṣà kọjá. Síbẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà di gbajúmọ̀ nínú òwò aṣọ, nítorí pé wọn kò jókòó de èrò. Àwọn Òṣómàáló ru aṣọ lọ bá àwọn oníbàárà ní abúlé àti ní oko, ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní òkè Ọya. Wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó náà díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn ti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá onígbèsè sọ wá: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. A lè máa rẹ́rìn-ín sí ìlóṣòó yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Òṣómàáló mọ ẹni tó ra aṣọ, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìgbà tí yóò ta kòkó rẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí ó ka ẹni tó kàn wo aṣọ mọ́ oníbàárà.

Ṣé kí á wá sọ pé pípààrọ̀ oníbàárà kò wúlò? Rárá o. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ohun mẹ́ta bá pé. Àkọ́kọ́, kí ọjà méjèèjì máa tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó ra àdìrẹ yóò wá télọ̀. Ẹni tó lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lè nílò aṣọ. Èkejì, kí ẹni tó ń darí oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí. 'Òun ló rán èyí tí mo wọ̀ yìí' lágbára ju àwòrán ogún lọ, nítorí pé orúkọ rere ẹni tó sọ ọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí oníṣòwò máa ka ohun tó yẹ ní kíkà. Kí ó ní ìwé kékeré kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ọjà, kí ó béèrè pé, 'Ta ló júwe wa fún yín?' kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí oṣù bá parí, ìwé náà yóò sọ fún un ẹni tí ó yẹ kí ó máa bá ṣe pàṣípààrọ̀ àti ẹni tí wọ́n jọ ń fi àkókò ṣòfò.

Ní ìparí, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni pé pípààrọ̀ oníbàárà ń mú ojú wá fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yan ẹnìkejì rẹ̀ dáradára nìkan ni ó ń mú oníbàárà wá fún. Kí àwa ọ̀dọ́ má ṣe fi owó tí àwọn òbí wa fi òógùn kó jọ ra ọjà sílẹ̀ nítorí iye ojú. Ẹni tó rà, tó sanwó, tó sì tún padà wá, òun ni oníbàárà.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́:
(a) Wo bí ìfáárà ṣe fi òwe bẹ̀rẹ̀, tí ó sì túmọ̀ kókó ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
(b) Kókó kan ni ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan dá lé. Má ṣe da kókó méjì pọ̀ sójú kan.
(d) Ibi tí òǹkọ̀wé ti fẹ́ fi ìrònú ṣe àpẹẹrẹ, 'ká ní' ló lò. Má ṣe gbé ohun tí o rò kalẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀.
(e) Ìdájọ́ kò ṣàdédé jáde ní ìparí. Àpẹẹrẹ Òṣogbo àti Iléṣà ló ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ìdánrawò: Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.
1. Àǹfààní àti ewu títa ọjà láwìn.
2. Bí àjọ dídá ṣe ń ran àwọn oníṣòwò ìlú mi lọ́wọ́.