Àbójútó Ọ̀nà Èéfín Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, irú èyí tí àwọn ará Ìlàjẹ àti Ẹ̀pẹ́ ń lò, ni a gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Abẹ́ omi ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Omi tí páǹpù rẹ̀ ń fà sókè ni ó sì ń mú ọ̀nà èéfín náà tutù. Bí iyọ̀ tàbí iyanrìn bá dí ọ̀nà omi, ooru yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Nítorí náà, bí omi tín-ín-rín tí ń tú jáde lára rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, kí awakọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn-àjò lórí omi oníyọ̀, kí ó fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú rẹ̀. Gbangba ni kí ó ti ṣe é: kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì inú èéfín kò ní òórùn, ó sì ń pani.