Arewa House: ilé tó ti rí ìbọn, tó ń kó ìtàn pamọ́

Kaduna ò ní ààfin àtayébáyé bíi ti Zaria, ṣùgbọ́n ilé kan wà ní Rabah Road tí ojú ẹ̀ ti rí nǹkan.

Ibẹ̀ ni Sardauna Sókótó, Ahmadu Bello, gbé nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá. Ní January 14, 1966, Olóyè S. L. Akíntọ́lá wọ bàálù wá rí i ní Kaduna, ó sì padà s'Íbàdàn lọ́jọ́ náà. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pa àwọn méjèèjì. Àwọn ṣọ́jà tí Mejọ Nzeogwu kó lọ pa Sardauna àti ìyàwó ẹ̀, Hafsatu, wọ́n sì dáná sun ilé. Ní Kaduna yìí náà ni wọ́n ti pa Bírígédíà Adémúlégún, ọmọ Oǹdó, tòun tìyàwó ẹ̀. A kì í sábà rántí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ìjọba ológun, ogun Biafra. Ní 1970 tógun parí, wọ́n sọ ilé náà di ibi ìwádìí ìtàn. Yunifásítì Ahmadu Bello ló ń bójú tó o báyìí.

Ìwé ìjọba àtijọ́ wà níbẹ̀. Tiwa ńkọ́, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ àti fọ́tò àwọn bàbá wa? Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ikán tó jẹ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ ká lọ béèrè bóyá wọ́n á bá wa tọ́jú ẹ̀.