Akọ̀wé Ìròyìn Gómìnà: Iṣẹ́ Ẹrú tí a Fi Tọmọ Jẹ́

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa lónìí ni pé: ta ni akọ̀wé ìròyìn gómìnà ń ṣiṣẹ́ fún, gómìnà ni tàbí àwa ará ìlú?

Láyé àtijọ́, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìlú sọ, akéde ni yóò lu agogo kiri àdúgbò. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, tí a sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú, iṣẹ́ akéde di iṣẹ́ ọ́fíìsì. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn ni ó gba ipò agogo.

Ẹni mẹ́ta wà tí a máa ń kó pọ̀ mọ́ ara wọn. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìròyìn ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó ń fọwọ́ sí yíyàn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìròyìn jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba. Gómìnà a lọ, òun a dúró. Ní ti akọ̀wé ìròyìn, gómìnà ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un, ọjọ́ tí gómìnà bá sì kúrò ni òun náà ń di ẹrù rẹ̀. Òun ni ó ń ka ìwé ìròyìn de ọ̀gá rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ń kọ àtẹ̀jáde, tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè tí ọ̀gá kò fẹ́ dáhùn.

Inú iṣẹ́ oníròyìn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Dúró Ọnàbùlé jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn National Concord kí ó tó di akọ̀wé ìròyìn fún Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ní ọdún 1985. Ọmọ ìlú Oǹdó ni Olóyè Alex Akinyẹlé. Ó ṣe alukoro fún iléeṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù, ó sì di mínísítà ètò ìròyìn lábẹ́ Babangida kan náà.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, a kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ni ó borí Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin nínú ìbò. Ará ìlú kò gbà á gbọ́. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá Ajáṣin padà sí ipò.

Ẹ tún wo ọdún 2023. Ní oṣù Kẹfà, Gómìnà Rótìmí Akérédolú gba ìsinmi lọ tọ́jú ara ní Jámánì. Àhesọ gba ìlú kan pé ó ti kú. Ìjọba sẹ́ ẹ, òtítọ́ ni wọ́n sì sọ, nítorí ó padà dé ní oṣù Kẹsàn-án. Ìbàdàn ni ó dé sí, kì í ṣe Àkúrẹ́. Nígbà náà ni ìbéèrè kejì dìde: ǹjẹ́ ara rẹ̀ le tó láti ṣe ìjọba? Ìdáhùn tí a ń fọ̀ kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn títí ó fi kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Ibí yìí ni iṣẹ́ akọ̀wé ìròyìn ti le jù. Àìsàn lè jẹ́ àṣírí aláìsàn; àga gómìnà kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú yóò kó ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀ bí a ti fi rán an. Ọmọ yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ó rán an pé, "Bàbá, èyí kò ṣeé sọ." Akọ̀wé ìròyìn lè dákẹ́ lórí ohun tí ó yẹ kí a pa mọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ẹni tí ó bá purọ́ fún gómìnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá sọ òtítọ́ lọ́la, ta ni yóò gbà á?

Gómìnà ni ó rán an, ṣùgbọ́n owó ìlú ni a fi ń san owó oṣù rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àtẹ̀jáde ìjọba kan wọ kíláàsì. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ni ó sọ̀rọ̀, kí ni ó sọ, kí sì ni ó fò dá? Ìbéèrè kẹta ni kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù.